Ta Ni Yóò Di Aago Mú Níbi Tí Ọmọ Rẹ̀ Ti Ń Díje?



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú eré ni àgbà ti ń mọ ìwà ọmọ, inú eré kan náà sì ni ọmọ ti ń mọ ìwà àgbà. Ìbéèrè wa nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí bàbá tàbí ìyá ṣe adájọ́ níbi tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ti ń bá ọmọ ẹlòmíràn díje? Bó bá tọ́, báwo ni yóò ṣe ṣe é tí kò fi ní í ṣàbòsí?

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Kétu, Mile 12 àti Ìkòsí mọ Àgbóyí dáadáa. Omi ló yí i ká. Ẹni tó bá fẹ́ ti Kétu débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Nígbà tí Odò Ògùn bá kún, tí wọ́n sì ṣí omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, àwọn ará Àgbóyí wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, bó ti rí ní ọdún 2010 tí omi lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní agbègbè wa. Ọmọ tó bá ń dàgbà níbẹ̀ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bèèrè bóyá òun nílò ìlúwẹ̀ẹ́.

Ibi tí ọmọ wẹ́wẹ́ bá sì ti ń lúwẹ̀ẹ́, bó pẹ́ bó yá, wọn yóò díje. "Jẹ́ ká wò ó, ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan òpó yẹn?" Gbàrà tí wọ́n bá parí, àríyànjiyàn ti dé nìyẹn. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé." "Irọ́ ni, o ti bọ́ sómi kí wọ́n tó ní ó yá." Wọn yóò wá kọjú sí àgbà tó wà nítòsí pé kó dá a fún wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àgbà tó wà nítòsí yìí, bàbá ọ̀kan nínú wọn ni.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É NÍBÒMÍRÀN

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ irú ìdíje yìí di ètò ńlá. Ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Virginia, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Northern Virginia Swimming League ti wà láti ọdún 1956. Ní Maryland tó múlé tì í, Montgomery County Swim League bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, ni wọ́n ń ṣe é. Ti Virginia yìí nìkan ní ju ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ àdúgbò lọ. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: ọmọ ọdún 8 wá sísàlẹ̀, 9 sí 10, 11 sí 12, 13 sí 14, àti 15 sí 18.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni pé àwọn òbí fúnra wọn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, láìgba owó. Òbí ló ń di aago mú, òbí ló ń wo bí ọmọ ti ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òbí náà ló ń kọ èsì sílẹ̀. Òfin ìlúwẹ̀ẹ́ sì le. Bí àpẹẹrẹ, nínú irú ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ta omi bí ọ̀pọ̀lọ́, ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni ọmọ gbọ́dọ̀ fi kan ògiri. Bó bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo kàn án, wọ́n á fagi lé ìdíje rẹ̀, ì báà jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ dé.

Bí wọ́n ti ń lo aago tilẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ, ẹni mẹ́ta lè di aago mú fún ọmọ kan lábẹ́ òfin ìlúwẹ̀ẹ́. Bí aago méjì bá bára mu, ohun tí méjì yẹn sọ ni wọn yóò gbà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, ti àárín ni wọn yóò mú. Ká ní aago kan sọ pé ìṣẹ́jú àáyá 20.90, èkejì ní 21.40, ẹ̀kẹta ní 21.55, a jẹ́ pé 21.40 ni àkókò ọmọ náà. Ẹni tó yára tẹ aago rẹ̀ nítorí pé ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀, asán ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ṣe òfin yìí kò pe òbí ní òpùrọ́. Wọ́n kàn mọ̀ pé bí ọkàn bá ti ń fẹ́ nǹkan, ọwọ́ lè ṣáájú ojú, kí ẹni tó ni ọwọ́ náà má sì mọ̀.

ÌLẸ̀KẸ̀ TA NI?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ òbí ń fi òwe yìí gbe ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n ní bí a kò bá ti ọmọ wa lẹ́yìn, ta ni yóò tì í? Òwe náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ìlẹ̀kẹ̀ tí òwe ń sọ, ìlẹ̀kẹ̀ tiwa ni. Owó wa la fi rà á, àwa la ni ín, a sì lè fi sí ìdí ẹni tó wù wá. Owó iléèwé, oúnjẹ, aṣọ ọdún, àdúrà òru, gbogbo ìwọ̀nyí ni ìlẹ̀kẹ̀ òbí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí pé ó fi wọ́n kẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ipò kìíní nínú ìdíje kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ òbí. Àgbà tó di aago mú kò ní ipò náà lápò. Wọ́n fi ṣọ́ ọ ni, kó lè gbé e fún ẹni tó bá ni ín. Ohun tí a fún ni ṣọ́, àmánà ni. Ẹni tó bá yọ nínú àmánà fún ọmọ rẹ̀ kò tíì kẹ́ ọmọ. Ohun olóhun ló mú fún un.

Ẹni tó bá ń ná ọjà Mile 12 mọ kóńgò, ó sì mọ kóńgò tí wọ́n ti gbá nídìí wọnú. Ẹni tó ń fi irú kóńgò bẹ́ẹ̀ wọn ẹ̀wà kò fọ́lé, kò gbọ́n àpò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ orúkọ tó ń jẹ́. Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùráánì, Suratul Mutaffifin, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n ń gba òṣùwọ̀n kíkún bó bá kàn wọ́n, tí wọ́n sì ń dín in kù bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n fún ẹlòmíràn. Aago ọwọ́ òbí yìí, òṣùwọ̀n ni. Ìsapá ọmọ ènìyàn ló ń wọ̀n. Òbí tó ń ké pé "Ẹ wò ó dáadáa!" nígbà tí wọ́n dá ọmọ tirẹ̀ lẹ́bi, tó sì ń sọ pé "Òfin lòfin" nígbà tó kan ọmọ aládùúgbò, kóńgò méjì ló ń lò.

ṢEBÍ ERÉ ỌMỌDÉ NI?

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà! Kí ni ọwọ́ kan tàbí ọwọ́ méjì já mọ́? Ẹ ṣàánú ọmọ." Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo. Ẹni tí kò bá ní àánú kò yẹ níbi tí ọmọdé wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bèèrè pé àánú ta ni? Ọmọ kan wà ní ìlà kejì tó ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ méjèèjì kan ògiri. Ó rántí, ó ṣe é, ìyẹn ló sì mú kó pẹ́ díẹ̀. Bí a bá gbójú fo àṣìṣe ẹni àkọ́kọ́, ọwọ́ ọmọ kejì yìí la ti gba àánú náà. Ẹni tó bá fẹ́ tọrẹ, nínú ohun tirẹ̀ ni kó ti tọrẹ.

Síbẹ̀, àánú ní àyè tirẹ̀ nínú ìdájọ́. Àyè kìíní ni iyèméjì. Ìlànà àwọn adájọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni pé bí adájọ́ kò bá rí àṣìṣe kedere, kó má fagi lé ìdíje ọmọ. Ọmọ ló ni iyèméjì. Àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù náà mọ ọ̀nà yìí, wọn kì í fi iyèméjì gbé ìyà ńlá ka ẹnikẹ́ni lórí. Àyè kejì ni bí a ti ń sọ ọ́. Adájọ́ lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ọmọ, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàpèjúwe ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bí yóò ṣe tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ìdájọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, èkejì dójú tì í láàárín ẹgbẹ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Sydney, ní orílẹ̀-èdè Australia, nígbà ìdíje Olíńpíìkì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2000. Ẹni mẹ́ta péré ló wà nínú ìsọ̀rí kan nínú ìdíje mítà 100: ọ̀kan láti Niger, ọ̀kan láti Tajikistan, ẹ̀kẹta ni Eric Moussambani láti Equatorial Guinea. Àwọn méjì àkọ́kọ́ bọ́ sómi kí àṣẹ tó jáde, wọ́n sì lé wọn kúrò. Kò sẹ́ni tó rò pé wọn yóò gba àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n òfin tó de ẹni ńlá de àwọn náà. Moussambani nìkan ló ṣẹ́ kù. Kò ju oṣù mẹ́jọ lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì lúwẹ̀ẹ́ rí nínú adágún tó gùn tó mítà 50. Ó rẹ̀ ẹ́ dé ibi pé àwọn ènìyàn bẹ̀rù pé yóò rì. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72 ló fi parí rẹ̀, èyí tó ju ìlọ́po méjì àkókò àwọn ògbóǹtarìgì lọ. Gbogbo èrò ibẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó yèè fún un títí ó fi fọwọ́ kan ògiri.

Ẹ kíyè sí i pé ohun méjì ló wà níbẹ̀ pọ̀. Adájọ́ kò dín òfin kù, èrò ìwòran kò sì dín àánú kù. Kò sẹ́ni tó bẹ adájọ́ pé kó kọ àkókò tó dára fún Moussambani. Wọ́n jẹ́ kí aago sọ òótọ́, wọ́n sì fi àtẹ́wọ́ sọ ohun tí aago kò lè sọ. Iṣẹ́ òbí ni iṣẹ́ èrò ìwòran yẹn. Ìgbà tí òbí bá fẹ́ fi aago ṣe ohun tó yẹ kó fi àtẹ́wọ́ ṣe ni nǹkan ń bàjẹ́.

EGUNGUN KÌ Í PURỌ́

Ohun tó burú ju ọ̀rọ̀ aago lọ ni irọ́ ọjọ́ orí, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó yẹ kó mọ ìyẹn tó tiwa. Ní 1989, FIFA fòfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní Olíńpíìkì 1988 kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ti 1991 tí à bá gbà lálejò, Pọtugí ló gbà á. Nígbà tó fi máa di 2009, tí ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ wáyé lọ́dọ̀ wa, FIFA ti mú ẹ̀rọ MRI wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń fi wo egungun ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ènìyàn bá ń dàgbà, àyè kan máa ń wà nínú egungun náà tí egungun tuntun ti ń jáde. Bí ìdàgbàsókè bá parí, àyè yẹn á dí. Ẹni tí àyè yẹn ti dí pátápátá, ó ṣòro kó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti já kúrò nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa láti ìgbà náà.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní 2001, ní Amẹ́ríkà, ọmọ kan tó ń ju bọ́ọ̀lù beesibọ́ọ̀lù nínú ìdíje àgbáyé Little League, tó jẹ́ ti àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 12 lọ, di ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àṣé ọmọ ọdún 14 ni. Wọ́n ti yí ìwé ìbí rẹ̀ padà. Wọ́n pa gbogbo ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ náà rẹ́. Àgbà ló kọ irọ́ náà, ọmọ ló gbé ìtìjú rẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń pín ọmọ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́? Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi hàn wá. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ pé ó jẹ́ kí wọ́n fi ẹṣin díje ní Mẹ̀dínà. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ti tọ́jú fún eré sísá sá láti Al-Hafya títí dé Thaniyyatul Wada. Àwọn tí wọn kò tíì tọ́jú bẹ́ẹ̀ sá ọ̀nà tó kúrú sí i, láti Thaniyya dé mọ́sálásí Banu Zurayq. Wọn kò da wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá mú ọmọ ọdún 13 wọ àárín àwọn ọmọ ọdún 10 ti fọ́ ògiri tó mú kí eré jẹ́ eré.

Ohun tí ọmọ náà sì ń kọ́ kò pin sí etí omi. Bàbá tó dín ọdún ọmọ rẹ̀ kù lónìí ni yóò fowó ra ìbéèrè ìdánwò WAEC fún un lọ́la. Ọmọ yóò gbà pé òótọ́ jẹ́ ohun tí a ń lò bó bá gbè wá. Nígbà tó bá dé ipò tí yóò máa ka ìbò, tàbí tí yóò máa kọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ibo la fẹ́ kó ti rí òótọ́ mú jáde?

IṢẸ́ KÓÒṢÌ

Kóòṣì náà ní tirẹ̀. Òun ni òbí ń fi owó tàbí ìbínú lé níwájú pé kí ọmọ àwọn wà lára àwọn tí yóò díje. Bí kóòṣì kò bá kíyè sára, àwọn tó yára nìkan ni yóò máa kọ́, àwọn tí kò yára yóò jókòó sí bèbè. Ní ibi bí Àgbóyí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, ìyẹn 300,000, ni omi pa ní ọdún 2021, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ọmọ tí kóòṣì pa tì nítorí pé kò yára, òun gan-an ló nílò ẹ̀kọ́ náà jù. Ọmọ tó bá yára ti lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bákan náà ni àwọn ọmọbìnrin wa. Bí kò bá sí àsìkò ọ̀tọ̀ fún wọn, pẹ̀lú obìnrin tí yóò kọ́ wọn àti aṣọ tó bo ara, ọ̀pọ̀ òbí yóò mú wọn jókòó sílé, omi kò sì ní í bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin bí ọkọ̀ bá dojú dé. Ohun tó yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ kóòṣì ni iye ọmọ tó lè dá lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí ìsinmi bá parí. Ife ẹ̀yẹ lè tẹ̀ lé e.

BÍ ỌMỌ BÁ PÀDÁNÙ

Òbí mìíràn kì í ṣàbòsí, ṣùgbọ́n kò lè fara da ìpàdánù. Yóò bú adájọ́, yóò dákẹ́ sí ọmọ títí wọn yóò fi délé. Ànọ́bì ní ràkúnmí kan tí wọ́n ń pè ní Al-Adba, tí kò sí èyí tó lè sá ju ú lọ. Lọ́jọ́ kan, ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí rẹ̀ wá, ó sì sá jù ú. Ó dun àwọn Sàhábà. Ànọ́bì kò ní kí wọ́n tún eré náà sá, kò sì dá ará oko náà lẹ́bi. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tó ga láyé tí Ọlọ́hun kò ní í mú wá sílẹ̀. Bí ọmọ bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu òbí rẹ̀ lọ́jọ́ tó pàdánù, yóò tún padà sómi lọ́la.

ÌDÁHÙN WA

Ó kù ká dáhùn ìbéèrè wa. Àwọn kan ní kí a lé gbogbo òbí kúrò nídìí ìdájọ́. Ó dára bó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti jẹ́ ẹbí, ta ni kì í ṣe bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹnìkan? Bí a bá ń retí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ kò ní í díje títí ìsinmi yóò fi tán. Suratun Nisai, áyà 135, pa wá láṣẹ pé ká dúró ṣinṣin ti òdodo nígbà tí a bá ń jẹ́rìí, ì báà jẹ́ lórí ara wa, òbí wa tàbí ìbátan wa. Kò ní kí ẹni tó ní ìbátan má jẹ́rìí. Ó mọ̀ pé yóò dùn ún, ó sì ní kó jẹ́rìí náà bó ti rí. Èrò wa ni pé òbí lè di aago mú, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ rí okùn tí yóò so ó mọ́lẹ̀ fún àkókò díẹ̀. Àwọn okùn náà nìyí:

Èkínní, kí òbí má di aago mú, kó má sì ṣe adájọ́, ní ìlà tí ọmọ rẹ̀ wà. Kó bọ́ sí ìlà mìíràn.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan dájọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n sì wá láti ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ka òfin sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, ọmọ àti òbí, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sómi.

Ẹ̀kẹrin, bí àríyànjiyàn bá dé, kóòṣì nìkan ni kó bá adájọ́ sọ̀rọ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́. Ànọ́bì kìlọ̀ pé kí adájọ́ má ṣe dájọ́ nígbà tó bá ń bínú. Ó yẹ kí àwa náà má ṣe mú un bínú.

Ẹ̀karùn-ún, ọmọ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọwọ́ kan lòun fi kan ògiri nígbà tí adájọ́ kò rí i, ẹ jẹ́ kí ìyìn tirẹ̀ ju ti ẹni tó gba ipò kìíní lọ.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ń fọn fèrè fún àwọn àbúrò yín ní etí omi àti lórí pápá. Nígbà tí ìsinmi bá dé, tí àbúrò yín bá wà nínú àwọn tó ń bọ̀, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹ ti ń wo ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Bó bá pàdánù, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú tó ń rí òótọ́ àti ọkàn tó lè gbà á. Àmín.